Ìwé ẹyẹ tí yóò wọ àpò

Sátidé, Tankẹ́, Ìlọrin. Ooru Máàṣì yìí ò jẹ́ kéèyàn sùn.

Ìwé méjì ni ọ̀rẹ́ mi kó lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́bọ̀. Ó ní kí n mú ọ̀kan níbẹ̀, kí n san owó rẹ̀ tóṣù bá parí. Borrow àti Demey ló kọ méjèèjì. Èyí tó jáde ní 2001 nípọn bíi búlọ́ọ̀kù, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì dùn ún kà. Ti 2004 ni àbúrò rẹ̀: ẹ̀yìn rírọ̀, ọ̀rọ̀ ṣókí, àlàyé àti máàpù sì kọjú sí àwòrán. Ẹyẹ orílẹ̀-èdè 23 ni wọ́n kó jọ síbẹ̀, tiwa náà sì wà níbẹ̀.

Èyí ṣe pàtàkì sí mi, torí mo ti fowó ṣòfò rí. Ìwé ẹyẹ ilẹ̀ Yúróòpù ni mo rà ní àlòkù nígbà kan, torí pé ó kéré, ó sì rẹwà. Kannakánná tiwa tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì funfun yìí, mo wá a títí, n kò rí i.

Àná ni mo gbé ẹ̀gbọ́n, ìwé 2001 yẹn, jáde lọ sétí odò Asa. Ká tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, okùn báàgì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gé mi léjìká. Ẹyẹ kékeré kan bà sórí esùsú, ẹ̀yìn rẹ̀ bí aró, àgógó rẹ̀ pupa. Àwòrán níwájú ìwé, àlàyé lọ́hùn-ún lẹ́yìn. Ibi tí mo ti ń fi ìka há ewé kan láti wá èkejì, ẹyẹ ti bá tirẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ yìí, mo fi ẹyẹ tí mo mọ̀ dán àbúrò wò. Ẹ̀ga ló kún ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé wa. Akọ so rọ̀ lábẹ́ ìtẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hun, ó ń gbọn ìyẹ́ pàtàpàtà kí abo lè wá yẹ ilé wò. Akọ yẹn, ọmọdé mọ̀ ọ́n. Abo ni ìdánwò, torí ó jọ ológoṣẹ́. Ìwé tí kò bá ya abo ẹ̀ga, má wulẹ̀ rà á. Àbúrò yà á. Ó tún ya lékèélékèé pẹ̀lú àwọ̀ pupa rúsúrúsú tó ń wá sí orí àti àyà rẹ̀ tó bá fẹ́ pamọ, èyí tó ń dà mí láàmú lára àwọn tó ń tẹ̀lé màlúù níbí.

Màmá onílé wa, ọmọ Ìgbómìnà, bá mi lórí ìjókòó.

"Ẹlúlùú ńkọ́, ó wà níbẹ̀?"

Mo ṣí i: orí dúdú, ojú pupa, ìyẹ́ bí ilẹ̀ pupa. Wọ́n wò ó, wọ́n mirí. "Kò ké." Wọ́n wá ké e fún mi bí ìgbà tí omi ń dà lẹ́nu kèrègbè. Ìgbẹ́ ló máa ń há sí, èèyàn kì í sábà rí i, ohùn rẹ̀ làwọn èèyàn fi ń mọ̀ pé òjò súnmọ́. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, ṣé òyìnbó nìkan ló ń sọ ẹyẹ lórúkọ ni? Mo fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sétí ewé.

Mo ṣí iwájú díẹ̀, a kan òwìwí.

"Ṣí i kọjá."

"Kí n kọ tirẹ̀ náà, mà?"

"Mo ní o ṣí i kọjá."