Kámẹ́rà ilé adìẹ Màámi: ibi tí mo bá iṣẹ́ dé

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ẹyin ló ń dín. Adìẹ 37 ni Màámi ń sìn lẹ́yìn ilé wa níbí ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, wọ́n sì máa ń ka ẹyin bí ẹni ń ka owó àjọ. Wọ́n ń fura sí ọmọ aládùúgbò kan, èmi ń fura sí eku. Kí ọ̀rọ̀ tó di ìjà, mo ní kí n gbé kámẹ́rà síbẹ̀. Iṣẹ́ àṣenọ́jú tèmi kúkú nìyẹn: bí mo bá ti kúrò ní kíláàsì, ìdí wáyà àti ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi, lẹ ó ti bá mi.

Ráútà wà ní pálọ̀. Ibẹ̀ sí ilé adìẹ tó mítà 45, Wi-Fi ò sì lè la ògiri méjì àti páànù kọjá dáadáa. Wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló kù, 100 mítà ni irú rẹ̀ sì lè rìn kó tó rẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ rì í mọ́lẹ̀, àmọ́ ọkọ́ ò tíì wọlẹ̀ ìka mẹ́rin tó fi kan àpáta. Ẹni tó bá ti rí Olósùnta lókèèrè á mọ̀ pé n kò parọ́. Orí fẹ́ǹsì ni mo gbé e gbà.

Mo fi crimper, irin tí a fi ń tẹ ẹnu wáyà, tẹ RJ45, ike tó ń wọ ihò ẹ̀rọ, mọ́ orí méjèèjì. Okùn tín-ín-rín mẹ́jọ ló wà nínú wáyà náà, méjì méjì ni wọ́n lọ́ mọ́ra. Mo to wọn bí tọkọtaya, oníkálukú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnìkejì rẹ̀: àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ ewé, búlúù, búráùn. Bákan náà ní ìhà kejì. Mo fi tẹ́sítà, ẹ̀rọ tó ń yẹ wáyà wò, sí i, iná rẹ̀ tàn láti 1 dé 8, kò fo ẹyọ kan. Mo lọ jẹ iyán mi.

Ọjọ́ Àìkú

A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, kámẹ́rà tan, fóònù ò rí i. Mo ki orí wáyà bọ laptop. Iná ojú ihò tàn, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì (nọ́ńbà tí a fi ń dá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mọ̀ lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì) tí mo bá níbẹ̀ ni 169.254.88.17.

Ẹ ṣọ́ra fún 169.254. Kì í wá láti ọwọ́ ráútà. Ńṣe ni kọ̀ǹpútà ké títí pé ta ni yóò fún òun ní àdírẹ́sì, tí ẹnikẹ́ni ò dáhùn, ló bá fún ara rẹ̀. Ọmọ tí àgbà ò wá síbi ìkómọ rẹ̀, tó sọ ara rẹ̀ lórúkọ.

Mo yọ ọ́, mo kì í bọ̀ ọ́, ìgbà kẹta ni 192.168.1.23, àdírẹ́sì láti ọwọ́ ráútà gan-an, tó dé. Ó yẹ kí n bi ara mi pé kí ló dé tó fi jẹ́ ìgbà kẹta. N kò bi í. Mo fi ọwọ́ ara mi fún kámẹ́rà ní 192.168.1.50, àwòrán yọ, Bọ̀dá mi pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Àwòrán ń já. Ẹ ó rí adìẹ tí orí rẹ̀ ti dé ibi oúnjẹ, tí ara rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Bọ̀dá mi ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni, kí n pààrọ̀ síìmù. Mo ní, “Bọ̀dá, a ò tíì jáde nílé.” Fóònù wọn àti kámẹ́rà, ọ̀dọ̀ ráútà kan náà ni wọ́n wà. Mo yọ síìmù lójú wọn, àwòrán ṣì ń já bẹ́ẹ̀ náà. Wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́.

Àṣẹ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní traceroute ò wúlò níbí. Oríta tó wà lójú ọ̀nà ló máa ń kà, tiwa ò sì ní oríta kankan. Ping, àṣẹ mìíràn, ni mo mú. Mike Muuss ló kọ ọ́ ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kejìlá ọdún 1983, ó sì yá orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìró tí ọkọ̀ abẹ́ omi ń rán jáde kó lè gbọ́ bó ṣe máa padà. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ: pè, kí o sì dúró de ìdáhùn.

Ẹrù kékeré tí Windows máa ń rán fúnra rẹ̀, báìtì 32: ọgọ́rùn-ún lọ, 96 dé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tàn mí. Mo sọ ẹrù di báìtì 1400:

ping -n 100 -l 1400 192.168.1.50

Ọgọ́rùn-ún lọ, 58 dé. Ẹrù kékeré ń rọ́nà gbà, ẹrù ńlá ń dànù. Ẹrù ńlá sì ni àwòrán.

Ọjọ́bọ̀

Mo gbé kámẹ́rà wá sí pálọ̀, mo fi wáyà àrà-lọ́jà oní-mítà-méjì sí i. 100 lọ, 100 dé. Wáyà mi ni nígbà náà. Mo tún fi tẹ́sítà sí i: 1 dé 8, pérépéré. Mo bú tẹ́sítà náà.

Wọ́n mú iná lọ. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo di ẹnu wáyà àrà-lọ́jà mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ike náà mọ́ gaara, ẹ máa rí okùn inú rẹ̀ látòkè. Ọsàn méjì ló ṣáájú, bíi tèmi. Ipò kẹta, funfun aláwọ̀ ewé. Ó yẹ kí ewé kejì tẹ̀ lé e, búlúù ni mo rí, lẹ́yìn náà funfun oníbúlúù, kí ewé tó wá jókòó sí ipò kẹfà. Tọkọtaya yẹn fi búlúù méjì sáàárín ara wọn!

Ọ̀rọ̀ yé mi. Ipò 3 àti 6 ló jọ ń gbé ọ̀rọ̀ kan náà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ jẹ́ okùn méjì tí wọ́n lọ́ mọ́ra, torí lílọ́ yẹn ló ń pa ariwo. Nínú tèmi, ewé kan àti búlúù kan ló jọ ń ṣiṣẹ́, kálukú sì lọ́ mọ́ ẹlòmíràn lábẹ́. Ariwo wọlé. Ní mítà méjì n kì bá tí fura, 45 ló tú u fó. Tẹ́sítà ò sì parọ́: ohun tó ń bi kò ju pé ṣé iná tó wọ ibí jáde lọ́hùn-ún. Kì í bi ta ló lọ́ mọ́ ta. (Ìdí tí búlúù fi gba àárín: ibẹ̀ ni okùn tẹlifóònù ń jókòó tẹ́lẹ̀.)

Mo gé orí méjèèjì, mo tún okùn wọn tò bíi ti àrà-lọ́jà. Mo ba ẹnu RJ45 kan jẹ́. Ní èyí tó kù, n kò tú lílọ́ ju bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Báìtì 1400: 100 lọ, 100 dé. Mo yọ àdírẹ́sì àfọwọ́fún kúrò, mo yọ wáyà, mo kì í bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ráútà dáhùn lójú ẹsẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì

Màámi wo àwòrán ti òru, tó máa ń yọ ní dúdú òun funfun. “Ta ló fi ẹfun kun adìẹ mi?” Ní aago 2:13 òru, eku kan kọjá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ológbò. A ò tíì rí i pẹ̀lú ẹyin, ṣùgbọ́n wọn ò dárúkọ ọmọ aládùúgbò mọ́.

Ó ku páìpù tí wáyà máa gba inú rẹ̀ kí eku tó tọ́ ọ wò. Ó ku bátìrì fún ráútà, torí bí wọ́n bá mú iná lọ, ojú kámẹ́rà fọ́.

Mo sì rántí wáyà tí mo ṣe fún Ìyá oníkẹ́míìsì lésìí, tọkọtaya ni mo to òun náà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti ní ẹ̀rọ àwọn ń fà, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni mo máa ń sọ fún wọn. Màá mú crimper lọ síbẹ̀ lọ́la, kí wọ́n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù.