Bọ́sẹ̀ Ni Mo Ní Kó Pè

Ọjọ́ Ajé ni, iṣẹ́ ò sì wù mí í lọ. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi pé inú ń run mí, mi ò lè dìde ńlẹ̀. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá, mo ti bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́rin, mo ti gé e, òróró ti ń hó lórí iná. Ó wá wù mí kí n pe Bọ́sẹ̀ àbúrò mi kó wá bá mi jẹ ẹ́. Ọwọ́ mi ń yọ̀, fóònù sì wà lórí fíríìjì. Wọ́n ṣáà ní ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu.

"Pe Bọ́sẹ̀." Kò dáhùn. "Call Bọ́sẹ̀." Ó ní kò yé òun. Mo bá ki imú bọ̀ ọ́ bí àwọn tó ń ka ìròyìn: "Call Bose." Ó jẹ́ mi lóhùn wéré, "Calling Boss." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní bí òyìnbó ṣe máa pe orúkọ yẹn náà nìyẹn, mo foríjì í.

Kí n má purọ́, wọ́n ti gbìyànjú. Audrey, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu tí ilé-iṣẹ́ Bell Labs ṣe l'Amẹ́ríkà lọ́dún 1952, òǹkà òdo sí mẹ́sàn-án nìkan ló dá mọ̀, àfi bó bá sì jẹ́ ohùn tó ti mọ́ ọn lára ni kì í fi í ṣì í gbọ́. Tèmi yìí gbọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ fún un ló fi ń méfò. Bí ọ̀rọ̀ méjì bá jọra, èyí tó ti ń gbọ́ tipẹ́ ló máa mú. Bọ́sẹ̀ mélòó ló ti gbọ́ rí?

Wọ́n gbé e. Mi ò dúró gba ẹ kú àárọ̀.

"Bọ́sẹ̀, tètè máa bọ̀! Mo ti purọ́ fún bàbá arúgbó yẹn pé inú ń run mí, ó sì gbà á gbọ́! Dòdò ti fẹ́ẹ̀ jinná!"

Kẹ́kẹ́ pa. Òróró nìkan ló ń ta ṣàà.

"Mò ń gbọ́ ọ," ohùn kan tó ki ju ti Bọ́sẹ̀ lọ fíìfíì sọ. "Ṣé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọ̀hún pọ́n dáadáa?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú fíríìjì. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dárí jì mí sà."

"Dìde. Bàbá arúgbó ò tíì jẹun àárọ̀. Bu tèmi sínú kúlà, kó dé ọ́fíìsì kó tó tutù."

Nígbà tí mo fi máa dìde, dòdò ti di èédú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo ló kù nílé.