YBa₂Cu₃O₇: ẹ má jẹ́ kí X-ray tàn yín lórí ọ́síjìn

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe físíìsì àti kẹ́místrì ní Àgọ́-Ìwòyè, Ìjagun àti Ìlíṣàn, ọ̀rọ̀ yín rèé. Bí X-ray bá ti bá àwòrán YBa₂Cu₃O₇ (èròjà yttrium, barium, bàbà àti ọ́síjìn, tí a ń pè ní superconductor) mu, ọ̀pọ̀ á ní iṣẹ́ ti parí. Kò tíì parí o. Electron ni X-ray ń rí: barium ní 56, ọ́síjìn ní 8 péré. Ẹni tó fi X-ray wá ọ́síjìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ barium, iná àtùpà ló ń wá lójú oòrùn. Bẹ́ẹ̀ ọ́síjìn yìí gan-an ló ń pinnu bóyá ohun tí ẹ sun máa gbé iná kọjá láìsí ìdènà kankan bó bá tutù dé 92 K (bíi −181 °C).

Fún bíi gíráàmù 6.7: Y₂O₃ 1.129, BaCO₃ 3.947, CuO 2.386. Ẹ yan wọ́n gbẹ ní 150 °C kí ẹ tó wọ̀n wọ́n, pàápàá lásìkò òjò. Ẹ lọ̀ wọ́n kúnná nínú odó agate, ẹ sun wọ́n nínú ìkòkò alumina ní bíi 920 °C fún wákàtí 12, ẹ tún un lọ̀, ẹ tún un sun, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì.

Ibi ìtutù ni wàhálà wà. Láti 600 wá sí 400 °C, kí ọ́síjìn máa fẹ́ gba inú ìléru, kí ó má sì yára ju 1 °C ní ìṣẹ́jú kan lọ. Bí NEPA bá mú iná lọ níbẹ̀, ìléru kékeré á tutù kíá, ọ́síjìn ò ní ráyè wọlé, ohun tí ẹ máa bá kò ní pé O₇. Ẹ dá a padà sí 450 °C nínú ọ́síjìn mọ́jú.

Lórí ẹ̀rọ X-ray bàbà (ìgùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ 1.5406 Å; Å kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mẹ́wàá mítà), ẹ po silicon díẹ̀ mọ́ ọn bí ìwọ̀n àfiwé; ṣóńṣó rẹ̀ (ibi tí ìlà X-ray ti yọ sókè) gbọ́dọ̀ wà ní igun 28.44°. Bí lẹ́búlẹ́bú bá fi 0.1 mm ga ju ojú àwo lọ, gbogbo ṣóńṣó lè sún tó 0.08°. Ẹ wá wo itòsí 47° dáadáa. Ṣóńṣó 46.7° àti 47.6° túmọ̀ sí pé, nínú ẹgbẹ́ mẹ́ta àpótí kírísítà rẹ̀ (a, b àti c), a jẹ́ 3.82 Å, b sì jẹ́ 3.89: ọ́síjìn pọ̀. Bí méjèèjì bá pàdé ní 47.1°, tí ṣóńṣó 006 (èyí tó ń wọn c) sì bọ́ sí 46.0°, a àti b ti dọ́gba, c ti gùn láti 11.68 dé bíi 11.83 Å: ọ́síjìn kò tó. Ṣóńṣó ní 23.9°? BaCO₃ ni. Yálà iná kò jẹ ẹ́ tán, tàbí ọ̀rinrin ti ń bà á jẹ́ nínú ìgò tí ẹ kò dé, nítorí omi kì í fi YBa₂Cu₃O₇ sílẹ̀. Ẹ fi silica gel sí i.

GSAS-II àti FullProf, ọ̀fẹ́ ni, fún ìṣirò Rietveld (mímú àwòṣe kírísítà bá gbogbo ìlà X-ray mu). Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìṣirò náà máa yí iye ọ́síjìn àti gbígbọ̀n átọ́ọ̀mù rẹ̀ pa pọ̀ lórí X-ray. Ìlà á bára mu rèǹtè-rente, iye tí yóò jáde lè jẹ́ irọ́. Lójú tèmi, ẹni tí kò bá ṣe titration (fífi kẹ́míkà wọn iye ọ́síjìn) kò tíì mọ ohun tó sun: KI, thiosulfate àti sítáàṣì, pẹ̀lú nitrogen tó ń fẹ́ gba inú ìgò, torí afẹ́fẹ́ lásán a máa sọ iodide di iodine. Bí ó bá kan ibi tí ọ́síjìn kọ̀ọ̀kan jókòó sí, títan neutron sí i ló kù, torí lójú neutron, ọ́síjìn (5.80 fm, ìwọ̀n bó ṣe ń tú neutron ká) tóbi ju barium (5.07 fm) lọ.