Ohun tó wà lábẹ́ pápá ìṣeré wa

Láti ìgbà tí mo ti wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni pápá ìṣeré ìlú wa ti máa ń di adágún omi bí oṣù Kẹfà bá ti dé. Iwájú ilé góòlù tó wà ní apá ìsàlẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ rì, débi pé bí ẹnìkan bá gbá bọ́ọ̀lù lọ síbẹ̀, ńṣe ni bọ́ọ̀lù náà yóò dúró sínú ẹrẹ̀, tí aṣọ́lé àti agbábọ́ọ̀lù iwájú yóò sì jọ máa yọ́ lọ bá a bí ẹni tó ń ṣọdẹ òkété.

Ní ọdún tó kọjá, iléeṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe kan tó ń ṣe títì tó gba ẹ̀gbẹ́ ìlú wa kọjá pàgọ́ sí ẹ̀yìn ọjà. N kò ní dárúkọ wọn níbí, nítorí wọn kò bẹ̀ mí kí n polówó wọn. Àwọn ọ̀dọ́ kọ lẹ́tà sí wọn pé kí wọ́n ran àwọn lọ́wọ́ lórí pápá náà, Bàbá tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè ìlú sì fi ohun tirẹ̀ kún un: ó fẹ́ kí wọ́n kọ́ ibùjókòó tó ní òrùlé fún àwọn àlejò pàtàkì. Ẹnjiníà tí wọ́n rán sí wa, obìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò lè ju ti àbúrò mi lọ, gbé ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀ láti igun kan dé èkejì fún odidi àárọ̀ kan, kó tó wá bá wa lábẹ́ igi.

“Bàbá, ẹ má bínú,” ni ó wí, “bí a bá kọ́ ibùjókòó síbí báyìí, odò lẹ óò máa jókòó wò.”

“Ọmọ mi, odò yẹn ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ọ.”

“Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká kọ́kọ́ fọ̀nà hàn án, sà.”

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yí padà nìyẹn. Kátápílà kọ́kọ́ há ilẹ̀ dúdú tó wà lókè, wọn kò sì dà á nù, wọ́n kó o jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí pé inú rẹ̀ ni koríko yóò tún ti hù. Lẹ́yìn náà ni àwọn típà ń da ilẹ̀ pupa tí wọ́n gé lára òkè tí títì gbà kọjá síbẹ̀, tí rólà sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní ìpele-ìpele. Pápá náà gùn ní mítà 90, ó sì fẹ̀ ní mítà 60. Láti àárín dé etí kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 30, wọ́n sì jẹ́ kí àárín fi sẹ̀ǹtímítà 30 ga ju etí lọ, ìyẹn ni pé ilẹ̀ ń rẹlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan fún mítà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ kò lè fojú rí i, ṣùgbọ́n omi mọ̀ ọ́n, inú gọ́tà tí àwọn bíríkìlà ìlú wa mọ sí etí pápá náà ló sì ń lọ.

Wọ́n tún yí ojú pápá náà padà. Láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn ni ti àtijọ́, nítorí náà, bí ó bá ti di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, aṣọ́lé tó wà ní apá ìlà-oòrùn kò ní rí nǹkankan mọ́ ju oòrùn lọ. Èmi tí mo ti jẹ́ aṣọ́lé rí, tí wọ́n sì ti bú lórí góòlù tí n kò rí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnjiníà náà ju bí ó ṣe yẹ lọ nígbà tó ní láti àríwá sí gúúsù ni kó wà.

Ilẹ̀ kọ́ńkéré tí a ti ń ju bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n, mítà 28 ní gígùn àti 15 ní fífẹ̀, ló fa àríyànjiyàn. Wọ́n fi àpò bò ó, wọ́n ní kí àwọn ọmọ máa bomi rin ín fún ọjọ́ méje, ọ̀kan nínú wọn sì béèrè bóyá ẹ̀fọ́ ni wọ́n gbìn. Ẹnjiníà ṣàlàyé pé kì í ṣe gbígbẹ ló ń mú kí símẹ́ńtì le, pé òun àti omi ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀, bí oòrùn bá sì tètè gba omi lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sán. Ó ní ọjọ́ 28 ni wọ́n fi ń ka agbára rẹ̀, àwọn ọmọ sì ń ka ọjọ́ náà bí ẹlẹ́wọ̀n.

Àwọn kan ní nítorí eruku títì tó ń dà wá láàmú ni iléeṣẹ́ náà ṣe fi èyí bẹ̀ wá. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé àjákọ tí wọ́n tẹ orúkọ ara wọn sí ni irú wọn máa ń fún wa tẹ́lẹ̀, àwọn wọ̀nyí sì fún wa ní ẹ̀rọ tó wà láìṣiṣẹ́ nígbà tí kóólítà wọn kò tíì dé, àti ilẹ̀ tí wọn ì bá wá ibi dà sí.

Iná nìkan ni a kò ní. Àwọn ọ̀dọ́ ti gbọ́ nípa pápá tí Shell gbé kalẹ̀ ní Akọka, ní Èkó, ní ọdún 2015, níbi tí wọ́n ti to táìlì tí iléeṣẹ́ Pavegen ṣe sábẹ́ koríko kí ó lè máa sọ ìtẹ̀sẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù di iná mànàmáná, pẹ̀lú ìrànwọ́ agbára oòrùn, gẹ́gẹ́ bí èyí tí Pelé ṣí ní Rio de Janeiro ní ọdún 2014. Wọ́n fẹ́ irú rẹ̀. Ní báyìí, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kálukú a gba ilé rẹ̀ lọ.

Ní Sátidé tó kọjá, òjò rọ̀ láti ìdájí títí di ọ̀sán. Ní aago mẹ́rin, àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ó sì ń yí geere. Ibi kan ṣoṣo tí ẹrẹ̀ wà ni ẹ̀yìn gọ́tà, níbi tí àwọn òǹwòran ń dúró sí, tí ẹnikẹ́ni kò ronú kàn. Bàbá gbé àga rẹ̀ síbẹ̀, ẹsẹ̀ àga náà sì ń rì díẹ̀díẹ̀ títí eré fi parí.