Omi Wọlé, Kò Bá Wa Nílé: Ẹ̀rí Ìdúpẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ àti ẹ̀yin aládùúgbò, mo dìde láti dúpẹ́ ní gbangba, nítorí pé oore tí èmi àti ilé mi rí gbà kọjá ohun tí ènìyàn lè fi sínú. Èmi, ọkọ mi, àwọn ọmọ wa mẹ́ta àti ìyá ọkọ mi tí kò lè rìn láìsí ọ̀pá, gbogbo wa la wà láàyè lẹ́yìn ìjì tó jà lóru, tí omi sì kún inú ilé wa dé ojú fèrèsé. Ọlọ́run ni mo kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó kan ilẹ̀kùn wa ní oṣù mẹ́rin ṣáájú ìjì yìí, nítorí pé ọwọ́ wọn ni Ọlọ́run gbà yọ wá.

Àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ni wọ́n. Wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń la àwọn ènìyàn lọ́yẹ̀ nípa ìjì, àgbàrá àti mànàmáná, wọ́n sì ń pe olúkúlùkù sí ìpàdé. Mo jẹ́wọ́ pé kò wù mí láti dá wọn lóhùn lọ́jọ́ náà, torí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi, mo sì rò pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè kọ́ mi nípa òjò tí mo ti ń rí láti kékeré. Ìyá àgbà tó ṣáájú wọn kò bínú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: “Bí omi bá dé lóru òní, ta ni yóò gbé Màmá tó jókòó sọ́hùn-ún yẹn, ọ̀nà wo lẹ ó sì gbà jáde?” N kò rí èsì fọ̀. Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dé ìpàdé.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé omi tó ń ṣàn, tí jíjìn rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, lè gbé ẹni tó ti dàgbà ṣubú. Pé sẹ̀ǹtímítà 30 tó láti gbé ọkọ̀ kékeré lọ, àti pé níbi tí ó bá ti dé 60, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni kò lè dúró. Wọ́n là á yé wa pé ìkéde pé ìjì lè jà yàtọ̀ sí ìkìlọ̀ pé ìjì ti dé tán: ti àkọ́kọ́ ní kí a palẹ̀ mọ́, ti ìkejì ní kí a wá ibi ààbò lọ kíákíá. Wọ́n ní kí a di ẹrù kan sílẹ̀, kí omi mímu bíi lítà 4 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ wà nínú rẹ̀, fún ọjọ́ 3 ó kéré tán, pẹ̀lú oúnjẹ tí a kò ní sè, oògùn, tọ́ọ̀ṣì, rédíò oníbátìrì, àti àwọn ìwé pàtàkì tí a wé sínú ọ̀rá.

Síbẹ̀, ìdánrawò ló ṣe pàtàkì jù lójú mi. Ìyá àgbà yẹn ní ohun tí ènìyàn kò bá tíì fi ara ṣe rí, kì í rántí rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà á. Wọ́n padà wá sílé wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n pa iná, wọ́n sì ní kí a jáde nínú òkùnkùn. Ìṣẹ́jú 19 ló gbà wá lákọ̀ọ́kọ́, torí pé a ń wá bàtà, a ń wá kọ́kọ́rọ́, a sì ń jiyàn lórí ẹni tí yóò gbé Màmá. Nígbà tí a ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, kò gbà ju ìṣẹ́jú 6 lọ: tọ́ọ̀ṣì ti di ti àkọ́bí, kọ́kọ́rọ́ ti di ti ọmọ kejì, ọkọ mi ló ni Màmá, èmi ni mo sì ni ẹrù àti àbígbẹ̀yìn.

Lóru ọjọ́ tí ìjì náà jà, aago 11 ti kọjá díẹ̀ nígbà tí ìkìlọ̀ dún lórí fóònù mi. Ní ọdún 2022, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kéde pé àwọn fẹ́ kí irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn ní ayé kí ọdún 2027 tó parí, mo sì gbàdúrà kí ó rí bẹ́ẹ̀; ṣùgbọ́n bí kò bá sí ti ìdánrawò yẹn, ariwo lásán ni ìkìlọ̀ náà ì bá jẹ́ létí mi, torí n kò ní mọ ibi tí mo máa kọrí sí. Ọkọ mi pa súíìṣì ńlá nígbà tí ilẹ̀ ṣì gbẹ, ó gbé ìyá rẹ̀ pọ̀n, a sì jáde.

Ibi tí ọ̀nà ti rẹlẹ̀ ni a ti bá omi. Kò jìn lójú, ilé ẹ̀kọ́ tí a ń sá lọ sì wà ní òdìkejì, a ń rí iná rẹ̀. Ó ti rẹ ọkọ mi, ó sì ti ki ẹsẹ̀ kan bọ inú omi nígbà tí ọmọ wa kejì, tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, di aṣọ rẹ̀ mú, ó ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká padà. A ò mọ̀ bóyá ọ̀nà ṣì wà lábẹ́ omi yìí.” Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́ àwọn ọmọdé ní ìpàdé gan-an nìyẹn. A yí padà, a gba ọ̀nà òkè tó jìn, pẹ̀lú òjò lára àti ìkùnsínú lẹ́nu. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí omi sì fà, a rí i pé àgbàrá ti gbẹ́ ọ̀nà náà lọ pátápátá. Kòtò tó lè gbé ọkọ̀ mì ló wà níbi tí ọkọ mi fẹ́ gbà kọjá. Títí di òní, bí mo bá rántí kòtò yẹn, omi a máa bọ́ lójú mi.

Ewu mìíràn tún fò wá ru ní ilé ẹ̀kọ́ náà. Nítorí òjò, àwọn kan fẹ́ tan ẹ̀rọ amúnáwá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítòsí ibi tí àwọn ọmọ sùn sí. Àwọn tó wá sí ìpàdé kò gbà, nítorí pé a ti kọ́ wa pé afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì lè pa ènìyàn lójú oorun láìjẹ́ pé ó ta pútú. Wọ́n gbé e jáde, wọ́n gbé e jìnnà sí fèrèsé.

Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ nígbà tí ìyá àgbà náà wọlé tọ̀ wá, gbogbo ara rẹ̀ tutù, ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọ̀rá. Orúkọ gbogbo àwọn tí kò lè dá sá ní àdúgbò ló wà nínú rẹ̀, ó sì ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó kan ìyá ọkọ mi, Màmá na ọ̀pá rẹ̀ sókè láti orí ẹní tí a tẹ́ fún un, ó sì dáhùn pé, “Mo wà níbí o.”