Ta ló ń bá mi rántí ẹ̀jẹ̀ ríru mi?

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ 40 ọdún ni lẹ́tà kan dé láti ọ̀dọ̀ GP mi, dókítà àdúgbò tí mo forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, pé kí n wá fún àyẹ̀wò. Àyà mi já. Mo rò pé wọ́n ti rí nǹkan tí wọn ò fẹ́ sọ lórí fóònù ni. Àṣé bí wọ́n ṣe ń pe àwọn tó wà láàárín 40 sí 74 ọdún nìyẹn, lọ́dún márùn-ún márùn-ún, bí wọn ò bá tíì ní àrùn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní Nàìjíríà tí mo ti dàgbà, nǹkan tó bá ń dunni ló ń gbé ni dé ọsibítù. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sì í dunni.

Nọ́ọ̀sì wọn BP mi, ìyẹn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ti ara iṣan, ó bá 152 lórí 94. Kò tìtorí ẹ̀ kọ oògùn fún mi. Ó yá mi ní ẹ̀rọ lọ sílé, pé kí n máa wọ̀n ọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ méje, torí BP ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò sókè tí wọ́n bá ti rí oníṣègùn. 140 lórí 90 ni ààlà ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n lọ́dọ̀ wọn, 135 lórí 85 ni tí èèyàn bá fúnra rẹ̀ wọ̀n ọ́n nínú ilé rẹ̀. Kí n tó dìde, ó fi ìka méjì tẹ ọrùn ọwọ́ mi, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo ní kí ló ń kà. Ó ní kì í ṣe iye nìkan, bóyá ó ń lù déédéé lòun ń wò. Ọkàn tó bá ń lù ségesège lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sínú rẹ̀, kí èyí tó dì náà gòkè lọ dí iṣan ọpọlọ. Ó ń sọ ewu rọpárọsẹ̀ di ìlọ́po márùn-ún, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sì lè gé bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ewu ọ̀hún kúrò. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ẹnì kankan ò di ọrùn ọwọ́ mi mú nítorí èyí rí.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí Bàámi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nílé, ife bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún wọn, ẹnu wọn wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kó tó pé ogún ìṣẹ́jú, gbogbo rẹ̀ ti lọ. Wọ́n gbé wọn dé ilé ìwòsàn kan, BP wọn jẹ́ 190 lórí 110. Dókítà fún wọn ní oògùn oṣù kan, ó ní kí wọ́n lọ sinmi, pé ó ti kọjá. Bàámi lo oògùn náà tán, ara wọn yá, ó parí. Mi ò lè bá wọn wí: ẹni tó lo oògùn ibà tán kì í padà lọ gba òmíràn. Ẹnikẹ́ni ò sì pè wọ́n pé oògùn yín ti tán o. Lóṣù karùn-ún lẹ́yìn náà ni rọpárọsẹ̀ gan-an dé.

"Ó ti kọjá" yẹn ni mo ṣì ń bínú sí. Rọpárọsẹ̀ kékeré tó wá tó sì lọ ni, ọjọ́ díẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló sì léwu jù. Níbí, bí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sẹ́yìn, GP á fún ẹ ní aspirin 300 mílígíráàmù lójú ẹsẹ̀, àfi tí ìdí kan bá wà tí kò fi yẹ, dókítà rọpárọsẹ̀ sì gbọ́dọ̀ rí ẹ láàárín wákàtí 24.

Kì í ṣe pé àwọn dókítà ilé ò mọṣẹ́. GP tèmi níbí, Nàìjíríà ló ti kọ́ṣẹ́. Kọ̀ǹpútà tó wà níwájú ẹ̀ ló yàtọ̀, òun ló ń to orúkọ gbogbo ẹni tí BP rẹ̀ kò tíì wálẹ̀. Ká má tan ara wa, ìfẹ́ nìkan kọ́: apá kan owó tí ìjọba ń san fún wọn wà lórí iye oníẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n bá mú BP wọn wálẹ̀. Irú ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ nílé náà. Ní 2020, ìjọba àpapọ̀ àti Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ètò kan kalẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti Kano, kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n sì máa wá aláìsàn lọ tí kò bá padà wá.

Ìlú Ọba náà ní wàhálà tirẹ̀. O máa pe GP láago mẹ́jọ àárọ̀, ohùn kan á ní ìwọ lẹnì kejìlélógún lórí ìlà. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, GP náà ni mo sáré pè. Akọ̀wé tó gbé e ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

"Aago mélòó lẹ rí i gbẹ̀yìn tí nǹkan kan ò ṣe é?"

Mo ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má dúró de dókítà, ẹ pe 999, nọ́mbà pàjáwìrì, báyìí."

Ẹ̀yìn ọwọ́ mi ni mo kọ ọ́ sí. Ìṣẹ́jú 18 ni òdiwọ̀n ambúláǹsì fún irú ìpè bẹ́ẹ̀, ogójì la fi retí. Mo ti ń wá aspirin nínú báàgì nígbà tí ẹni tó wà lórí 999 ní n kò gbọ́dọ̀ fún un ní ohunkóhun, omi pàápàá. Aago tí mo kọ sẹ́yìn ọwọ́ yẹn ni àwọn tó dé kọ́kọ́ bèèrè. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ka wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀ tí àyè wà fún oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ ya àwòrán ọpọlọ ná, torí iṣan tó dí àti iṣan tó bẹ́, ọ̀kan náà ni wọ́n jọ lójú, aspirin sì lè ba ti èyí tó bẹ́ jẹ́ sí i.

Lọ́jọ́ ti Bàámi, kò sẹ́ni tó wo aago. Ibi tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wọn lọ ò ní ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó ya á níbòmíì.

Wọ́n ṣì wà láàyè, ọwọ́ ọ̀tún ni kò padà sípò. Mo ra ẹ̀rọ BP ránṣẹ́ sí wọn. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo ń pè, wọ́n á ka iye rẹ̀ fún mi, èmi á kọ ọ́ sínú ìwé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n ní 138 lórí 84.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ wọ̀n ọ́n, Bàámi?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni. Èyí àkọ́kọ́ ò dùn-ún gbọ́, ìyẹn ni mi ò ṣe kà á fún ẹ."