Mo ti pín àwo fíìmù mi tán kí n tó mọ ohun tí mo ṣe

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wo páálí tẹ́ ẹ kó àwo fíìmù sí, tẹ́ ẹ ń sọ pé kí lèèyàn tún fẹ́ fi DVD àti Blu-ray ṣe nígbà tó jẹ́ pé téèyàn bá ti tẹ fóònù báyìí fíìmù ti dé, ẹ ṣe sùúrù ná. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní àwo tó lé ní ọgọ́rùn-ún, látìgbà tí mo ti gba owó oṣù àkọ́kọ́ ni mo ti ń kó wọn jọ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ kó lọ sí ilé tó kéré sí èyí tí mo wà, mo wò ó pé ẹrù lásán ni, eruku lásán ni, mo bá pín gbogbo ẹ̀ fún mọ̀lẹ́bí àti ọ̀rẹ́. Mẹ́ta péré ló kù sí mi lọ́wọ́, mi ò sì mọ̀-ọ́n-mọ̀ fi wọ́n sílẹ̀ o, ìsàlẹ̀ báàgì kan tí mi ò tú ni wọ́n wà.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ra fíìmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Ó dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́ fún yín. Kódà tó bá jẹ́ àárín òru ló wù mí kí n wo nǹkan, kí n sanwó, kí n dáńlóòdù, ó parí. Láàárín ọdún díẹ̀ mo ti ra bíi ogójì lọ́dọ̀ ilé ìtajà kan ṣoṣo, mo sì ń pè é ní "fíìmù mi", àfi ìgbà tí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá lo ọlidé lọ́dọ̀ mi tí wọ́n ní, Àǹtí, ẹ fi èyí tá a wò lọ́jọ́sí sí i fún wa. Mo ṣí àkáǹtì, mi ò rí i. Kì í ṣe pé ó kọ̀ láti ṣiṣẹ́ o, kò sí níbẹ̀ rárá, àní kò tiẹ̀ sí àpẹẹrẹ pé mo rà á rí, àfi rìsíìtì tó wà nínú ímeèlì mi.

Mo kọ̀wé sí wọn. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó dá mi lóhùn, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni wọ́n sì fi dá mi lóhùn, wọ́n ní ẹni tó ni fíìmù náà ti gba ẹ̀tọ́ ẹ̀ padà lọ́wọ́ àwọn, àti pé ohun tí mo sanwó fún kì í ṣe fíìmù yẹn fúnra ẹ̀, àṣẹ láti máa wò ó ni. Mo padà lọ ka àdéhùn gígùn tí mo ti tẹ "mo gbà" sí láìkà á, ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Bí aṣọ àyálò ló rí, ọjọ́ tí ẹni tó ni ín bá ní òun fẹ́ ẹ, ẹ máa bọ́ ọ fún un ni.

Kì í ṣe èmi nìkan ló ṣẹlẹ̀ sí. Iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní UltraViolet, ọdún 2011 ló bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ làwọn èèyàn ń tọ́jú fíìmù tí wọ́n rà sí, nígbà tó di ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 2019 wọ́n tì í pa, àwọn tó ti so àkáǹtì wọn mọ́ ilé ìtajà míì ṣáájú ọjọ́ náà ló rí púpọ̀ nínú fíìmù wọn lò lọ. Lóṣù kejìlá ọdún 2023 náà, Sony kéde fún àwọn oní-PlayStation pé ètò tẹlifíṣàn Discovery tí wọ́n ti fowó rà máa kúrò ní àkáǹtì wọn, kó tó di pé wọ́n yí i padà lóṣù yẹn kan náà. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin pàápàá, torí látọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025, òfin ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ti ní kí ẹni tó bá fẹ́ kọ "rà" sára ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì tó lè padà gbà lọ́wọ́ oníbàárà sọ ọ́ kedere pé àṣẹ ìlò ló ń tà fún un.

Nítorí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá fíìmù tẹ́ ẹ dáńlóòdù jẹ́ tiyín, ẹ ṣe báyìí: ẹ pa íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jáde nínú àkáǹtì yẹn, ẹ gbé fáìlì náà lọ sórí ẹ̀rọ míì, kẹ́ ẹ ṣí i. Tó bá ṣí, tiyín ni. Tí kò bá ṣí, ẹnì kan ló ń di kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ mú fún yín. Èyí tẹ́ ẹ dáńlóòdù sínú áàpù tẹ́ ẹ ń san owó oṣù fún, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá dá owó dúró ló máa tì, òmíì tiẹ̀ ní ọjọ́ tó máa kú kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ yá, ọ̀pọ̀ ìgbà ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n ń fún yín láti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì ti tẹ ẹ́ pẹ́nrẹ́n, wákàtí 48 péré lẹ ní. Ìyẹn ò burú o, ẹ ti mọ̀ pé ẹ yá a ni. Èyí tí wọ́n kọ "rà" sí ló ń dun èèyàn.

Inú bí mi, mo bá yí padà pátápátá, mo ní fáìlì tí kò ní títì ni màá máa rà lọ́dọ̀ àwọn tó bá ń tà á, màá sì kó gbogbo ẹ̀ sórí hard drive kan pẹ̀lú àwọn fídíò ẹbí wa. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ kejì, ó sì dùn mí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọmọ kan fi ẹsẹ̀ kọ́ wáyà ẹ̀, ó já bọ́ látorí tábìlì nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, mo gbé e, mo gbọ́ tí nǹkan ń dún ká-ká-ká nínú ẹ̀, ó tán. Fíìmù, mo lè tún un rà. Fídíò ìyá mi níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín, ibo ni wọ́n ti ń tà á? Ọ̀nà kan ò wọjà, àwọn àgbà wa ti sọ ọ́, èmi ni mi ò gbọ́. Ní báyìí, ohunkóhun tí mi ò bá fẹ́ kó sọnù, ó gbọ́dọ̀ wà lójú ibi mẹ́ta, méjì lórí ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ilé, ọ̀kan níbi tó jìnnà sílé.

Fáìlì tún ní wàhálà kéékèèké tẹ́nì kan kì í sọ fún yín. Mo ní fíìmù kan tó tó GB 6, mo ní fláàṣì GB 32 tó ṣófo, ó ń sọ fún mi pé òun ò lè gbà á. Ó lé ní wákàtí méjì tí mo fi ń bá a jà, mo rò pé fláàṣì ló ti kú. Ohun tó fà á ni pé FAT32 ni wọ́n fi ṣètò fláàṣì náà, FAT32 kì í sì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó GB 4, bó ti wù kí àyè ibẹ̀ pọ̀ tó. Ẹ kó ohun tó wà lórí ẹ̀ kúrò ná torí ó máa nù ún dànù, kẹ́ ẹ wá fọ́ọ̀máàtì ẹ̀ sí exFAT, ètò míì tó ń gba fáìlì ńlá, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá tẹlifíṣàn yín ń ka exFAT, àwọn ti àtijọ́ míì kì í kà á. Irú ẹ̀ náà ni H.265, ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà fún fíìmù pọ̀, ó ń jẹ́ kí fíìmù kéré láìba àwòrán jẹ́, ṣùgbọ́n tẹlifíṣàn tó ti pẹ́ lè kọ̀ ọ́ pátá. Subtitle ńkọ́? Tó bá jẹ́ fáìlì .srt ọ̀tọ̀ ni, ẹ sọ ọ́ ní orúkọ kan náà pẹ̀lú fíìmù, kẹ́ ẹ fi wọ́n síbì kan náà, ọ̀pọ̀ ìgbà nìyẹn náà ni gbogbo ìṣòro ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ àwòrán, torí ibẹ̀ làwọn èèyàn ti máa ń fẹ́ jà. Ẹni tó bá ní DVD dáa ju fíìmù tó dáa lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ, kò sọ òótọ́. Ìlà 480 tàbí 576 ni àwòrán DVD ní, nígbà tí fíìmù ìlà 1080 tẹ́ ẹ dáńlóòdù ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po, lórí tẹlifíṣàn ńlá ẹ máa rí i kedere. Àmọ́ tó bá di ti Blu-ray, ọ̀rọ̀ yí padà. Àwo Blu-ray máa ń gba GB 25 tàbí 50, àwòrán ẹ̀ sì lè lo tó 40 Mbps (ìyẹn ìwọ̀n dátà tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan), nígbà tó jẹ́ pé bíi 5 Mbps ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń sọ pé kẹ́ ẹ ní láti fi wo 1080 tààrà látorí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwo 4K, irú Blu-ray tí àwòrán ẹ̀ tún hàn kedere jù, tó jáde lọ́dún 2016, ń gba GB 50, 66 tàbí 100. Ibi tẹ́ ẹ ti máa rí ìyàtọ̀ ẹ̀ ni ibi tí òkùnkùn bá wà nínú fíìmù, ibi tí èéfín bá ń rú, ibi tí òjò bá ń rọ̀, lórí íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ á máa pín sí igun mẹ́rin-mẹ́rin kéékèèké, torí wọ́n ti fún fáìlì náà pọ̀ kó lè kéré. Lórí àwo, òkùnkùn á dúró bí òkùnkùn.

Ohùn náà ńkọ́? Tó bá jẹ́ ẹnu tẹlifíṣàn fúnra ẹ̀ lẹ ń gbọ́ ọ, ẹ má torí ohùn ra àwo. Tẹ́ ẹ bá ní sípíkà tó dáa, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí ọ̀pọ̀ Blu-ray máa ń gbé ohùn tí wọn ò gé nǹkan kan kúrò nínú ẹ̀. Ẹ sì ṣírò dátà: fíìmù wákàtí méjì tó ń wọlé ní 25 Mbps á jẹ bíi GB 22. Ẹ wo fíìmù yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́rin pẹ̀lú ọmọdé tí kì í sú, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Àwo náà ní tiẹ̀ o. Mo ra DVD kan láti ilẹ̀ òkèèrè, pléyà mi ò gbà á, torí wọ́n pín DVD sí ẹkùn, 1 fún Amẹ́ríkà àti Kánádà, 2 fún Yúróòpù àti Japan, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ, Blu-ray náà ní A, B àti C. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Àwo 4K ni kì í sábà ní ìyẹn, ṣùgbọ́n pléyà Blu-ray lásán ò lè kà á, tiẹ̀ lọ́tọ̀, pléyà 4K ló lè ka gbogbo wọn. Tó bá dọ̀tí, aṣọ rírọ̀ ni kẹ́ ẹ fi nù ún láti àárín lọ sí etí, tààrà, ẹ má yí i po, torí ìfá tó bá yí po ló máa ń ṣòroó kà jù fún pléyà.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí jù ni àwo tẹ́ ẹ jó fúnra yín nílé, ìyẹn èyí tẹ́ ẹ fi kọ̀ǹpútà kó fídíò sí. Kò jọ ti ilé iṣẹ́ rárá. Ti ilé iṣẹ́, wọ́n tẹ fíìmù náà mọ́ ọn lára ni, ó lè bàjẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́. Ti ilé, àwọ̀ kan bí aró ló wà nínú ẹ̀ tí iná léésà ń sun, ooru àti ìmọ́lẹ̀ sì ń pa àwọ̀ yẹn díẹ̀díẹ̀. DVD ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé fún ọdún mẹ́sàn-án, nígbà tá a fẹ́ wò ó, ìdajì ló ṣí, ìdajì tó kù di dúdú. Tẹ́ ẹ bá ní irú ẹ̀ nílé, ẹ má dúró dọ̀la, ẹ kó o sórí kọ̀ǹpútà lónìí.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí rèé: fíìmù tí mo fẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan, màá yá a, mi ò ní jẹ́ kí ó gba àyè kankan. Èyí tí mo mọ̀ pé màá padà sí, pàápàá tọmọdé, àwo ni, mo sì máa ń ra èyí tẹ́nì kan ti lò rí. Mi ò kì í fi àwo tuntun tàbí àlòkù sínú dúrọ́ọ̀ lọ́jọ́ tó bá dé, màá fi sínú pléyà, màá fò lọ sí àárín, màá fò lọ sí ìparí, kí ọjọ́ tí mo lè dá a padà tó kọjá. Fíìmù táwọn ọmọ yẹn bèèrè ò sí lára mẹ́ta tó kù sí mi lọ́wọ́, àwo ẹ̀ wà lọ́dọ̀ àbúrò tí mo fún, òun ló yá mi kí ọlidé wọn tó parí, nígbà tí mo sì wá òmíì kiri láti rà, mo rí i pé wọn ò tẹ̀ ẹ́ mọ́. Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ pín tiyín, ẹ kọ orúkọ gbogbo wọn sílẹ̀ kí páálí tó jáde, kẹ́ ẹ wá ọ̀kọ̀ọ̀kan wò bóyá ẹ ṣì lè rà á lónìí, èyí tẹ́ ò bá rí, ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀.